Ẹ̀kọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún: Kíkó Àwòrán Jọ

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ràn láti máa kó nǹkan jọ. Àwọn kan ń kó owó àtijọ́ jọ. Àwọn mìíràn ń kó àwòrán kéékèèké jọ: àwòrán igbó, odò, òkè àti ọ̀nà oko, tí a yà sórí aṣọ, tí a sì fi férémù oníwúrà yí ká.

Ayàwòrán a máa lọ àwọ̀ kúnná, a fi òróró pò ó di ọ̀dà, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ọ̀dà yìí kì í tètè gbẹ. Ẹni tí ó ṣe férémù a máa fi ẹfun àti àtè kun igi. Lẹ́yìn èyí, a lẹ wúrà tí a ti lù títí tí ó fi fẹ́lẹ́ ju bébà lọ mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ iṣẹ́ yìí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wa, ni a bí Olóyè Àìná Ọnàbólú ní ọdún 1882. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Nígbà tí ó dé, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó. Ó kú ní ọdún 1963, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán rẹ̀ ṣì wà, nítorí pé àwọn ènìyàn tọ́jú wọn. Bákan náà, Ọmọọba Yẹmisí Shyllon kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà jọ, ó sì fi púpọ̀ nínú wọn ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ. Ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù tí wọ́n kó wọn sí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bàbá mi àgbà ní àwòrán odò kan, igi ìrókò sì wà létí rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe ìmọ́tótó, mo bá fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ férémù rẹ̀. Kíá ni wúrà bó, igi sì hàn. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá àgbà kò nà mí. Wọ́n ní, “Ẹni tí ó ya àwòrán yìí ti kú. Ìrókò náà ti wó. Èyí nìkan ni ó kù fún ẹ̀yin ọmọ láti rí.” N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Nítorí náà, bí àwòrán bá wà nílé yín:
1. Ẹ má ṣe gbé e kọ́ síbi tí oòrùn tàbí èéfín ti lè bà á jẹ́.
2. Ẹ má ṣe fi omi kan férémù rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀.
3. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ pa ojú àwòrán.
4. Ẹ kọ orúkọ ayàwòrán, ọdún tí ó yà á àti ibi tí ó yà sínú ìwé.

Ìbéèrè
(a) Ọdún wo ni a bí Olóyè Ọnàbólú?
(b) Kí ni ó mú kí wúrà férémù náà bó?
(d) Kí ni ọ̀rọ̀ bàbá àgbà kọ́ ọ?
(e) Ya àwòrán ibì kan ní ìlú rẹ tí o kò fẹ́ kí a gbàgbé.