Pijin tí à ń sọ ní Warri: níbo ló ti wá?

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ìyá mi àgbà pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní, "Mo don jẹun, mà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ta ló ń jẹ́ Don?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, síníọ̀ kan ní Pijin kì í ṣe èdè, pé Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n lọ wádìí.

Àwọn Potogí ló kọ́kọ́ wá ṣòwò ní etíkun wa. Wọ́n ti dé Benin ṣáájú ọdún 1490, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìṣẹ́kírì náà. Kódà, ọmọ ọba Warri kan, Dom Domingos, lọ kàwé ní ìlú wọn ní nǹkan bí ọdún 1600, ó padà wálé, ó sì jọba. Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni "sabi" àti "pikin" ti wá.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Ọlọ́jà kò gbọ́ èdè oníbàárà, oníbàárà kò gbọ́ ti ọlọ́jà, àfi kí wọ́n wá ọ̀nà tí wọ́n á fi gbọ́ ara wọn yé. Láàárín ọdún 1785 sí 1788, oníṣòwò Calabar kan, Antera Duke, ń fi irú Gẹ̀ẹ́sì báyìí kọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú Pijin, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: "A don chop." "Mo ti jẹun." Ibi tí "ti" wà gan-an ni "don" wà! Abájọ tí ẹnu mi fi ṣì í. "Una" wá láti inú èdè Igbo, "wahala" láti inú Haúsá, "oyinbo" sì jẹ́ tiwa.

Òwò kó ipa nínú ọ̀rọ̀ Swahili náà ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Èdè àwọn Bantu ni, ṣùgbọ́n òwò pẹ̀lú àwọn Lárúbáwá mú ọ̀rọ̀ púpọ̀ wọ inú rẹ̀, bíi "kitabu", ìyẹn ìwé. Orúkọ rẹ̀ pàápàá wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí etíkun. Lónìí, èdè ìjọba ni ní Tanzania àti Kenya. Ta ló ń pè é ní Lárúbáwá tó bàjẹ́?

Ní Warri níbí, Ìṣẹ́kírì, Ùròbò àti Ìjọ ló ni ilé. Ọkọ̀ ojú omi àti iṣẹ́ epo tún kó àwa yòókù wá. Pijin ló ń jẹ́ ká gbọ́ ara wa lọ́jà. Ní 2017, BBC náà bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní Pijin.

Nítorí náà, síníọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, èdè ni, ó sì ní òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Pijin kọ́ ló gba "ti" lẹ́nu mi, èmi ni mo jù ú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká pe ilé lóṣù tó kọjá, mo ní, "Mo ti jẹun, mà." Ìyá àgbà ní, "Don ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà ní Warri, mà."

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta tó wà nínú Pijin wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀.