Ẹ̀kọ́ nípa Àwòrán Ilẹ̀ àti Àìní Àdúgbò Wa

Bí a bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà pé, “Níbo ni àìní pọ̀ sí jù ní àdúgbò rẹ?” yóò dáhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé, “Ilé mélòó ni? Báwo ni wọ́n ti jìnnà tó sí omi mímu àti sí ilé ìwòsàn?” púpọ̀ nínú wa ni yóò dákẹ́. Nítorí èyí ni a ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí wá, nípa àwòrán ilẹ̀, tí a tún ń pè ní máàpù.

Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì jà gidigidi ní Soho, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣègùn kan, John Snow, wádìí ibi tí àwọn tí ó kú ti ń pọn omi. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń mu omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní òpópó Broad Street, ó sì rọ àwọn alákòóso títí wọ́n fi yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ni ó ya àwòrán àdúgbò náà, ó fi ìlà dúdú kan sí ilé fún òkú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìlà náà sì ṣù yí ẹ̀rọ omi náà ká. Ohun tí ìwé orúkọ òkú kò fi hàn, àwòrán fi í hàn kedere.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Ẹni tí ó bá ti àárín Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, rìn la Bàrígà já títí dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, yóò rí i pé àìní kò rí bákan náà ní gbogbo ọ̀nà. Bí a bá sì fi iye kan ṣoṣo ṣe ìṣirò gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú, ẹni tí ó rí jẹ yóò bo ẹni tí ebi ń pa mọ́lẹ̀.

Makoko pẹ̀lú wà ní etí ọ̀sà yìí kan náà, ṣùgbọ́n títí di ọdún 2019 kò fẹ́rẹ̀ sí ohun kan nípa rẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀. Ní ọdún náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi dróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, ya ìlú náà láti òkè, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀. A sì kó ohun tí a rí sínú OpenStreetMap, àwòrán àgbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè fi ìmọ̀ tirẹ̀ kún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu lè gé ọwọ́. Ní 2006, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí iṣẹ́ kan ní Èkó, nínú èyí tí a yan agbègbè mẹ́sàn-án fún àtúnṣe. Bàrígà àti Ìlàjẹ wà nínú wọn. Badia pẹ̀lú wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2013, ìjọba wó ilé púpọ̀ ní Badia East, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Nítorí náà, àwòrán tí ó bá fi kìkì ahéré àti ẹrẹ̀ hàn, tí kò fi ilé ìwé, ọjà àti ibi iṣẹ́ àwọn ènìyàn hàn, lè di àwáwí lọ́wọ́ ẹni tí ń wá ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é nìyí. Èkíní, ẹ kó àwọn ọmọ ilé ìwé jáde, kí wọ́n ya òpópó tiwọn sórí ìwé. Èkejì, kí wọ́n sàmì sí omi, ilé ìwòsàn, gọ́tà àti ààtàn, kí wọ́n sì ka ìṣísẹ̀ láti ilé dé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe kọ orúkọ òtòṣì kankan sí i, kí a má bàa dójú tì í. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi han àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó fi han aláṣẹ, nítorí ẹni tí ó ni ilé ni ó mọ ibi tí ó ti ń jò.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Ta ni ó wà ní òpópó wa, tí kò tíì sí lórí àwòrán ẹnikẹ́ni?