Kámẹ́rà Òru: Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Abẹ́òkúta

Àkànní ọmọ mi,

Bá mi sọ fún ìyá rẹ ní Ọ̀fàdà pé ìrẹsì tó fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, a ṣì ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo àlàyé tí o ṣe lórí fóònù. Iṣẹ́ tó ń wọlé fún ọ láti Mòwé dé Ìbàfò, òru ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: àìsùn òkú, ìsọ́-òru ṣọ́ọ̀ṣì, àríyá ìgbéyàwó tí kì í gbóná àfi bí ilẹ̀ bá ṣú. O ní fọ́tò rẹ ń ṣú, ó sì ń ru, o wá fẹ́ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra Sony tuntun. Kámẹ́rà náà dára, n kò ní bú u. Àmọ́ má tíì fọwọ́ síwèé.

Lẹ́ǹsì ni kí o kọ́kọ́ rà. Èyí tó bá kámẹ́rà Nikon D3200 rẹ wá nínú páálí, bí o bá fà á jáde tán, ojú rẹ̀ kì í là kọjá f/5.6. Nikon ní 50mm kan tó ń là dé f/1.8, èyí tí wọ́n kọ G sí lára. Kékeré ni, kò wúwo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sony tí o ń wí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú rẹ̀ wọlé lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ti àkọ́kọ́. Níbi tí o ti ń gbé ISO lọ sí 6400, tí ojú àwọn olókùú ń dà bí èyí tí wọ́n wọ́n iyanrìn sí, ISO 800 á tó ọ.

Òun náà ní wàhálà tiẹ̀ o. Kì í fà. Ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi sún mọ́ èèyàn. Nínú pálọ̀ kékeré, wàá fẹ̀yìn ti ògiri kí ìdílé kan tó gba inú fọ́tò tán. Bí o bá sì la ojú rẹ̀ sílẹ̀ pátá, ibi tó mọ́ kedere á tín-ín-rín débi pé etí ìyàwó lè mọ́ kí ojú rẹ̀ ru. Dì í sí f/2.8 bí èèyàn méjì bá dúró pọ̀. Ọlọ́jà lè fi 35mm DX lọ̀ ọ́. Ó bá kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ rẹ mu, ṣùgbọ́n kò ní kún ojú èyí tí mo ní lọ́kàn fún ọ lọ́jọ́ iwájú.

Nikon D750 ni, tòkunbọ̀. 2014 ló jáde. Pátákó inú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé jẹ́ mìlímítà 36 níbùú, 24 lóròó. Ti D3200 rẹ jẹ́ bíi 23 sí 15, kò tó ìdajì rẹ̀. Megapixel àwọn méjèèjì kò yàtọ̀, 24 ni, nítorí náà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi megapixel tàn ọ́ jẹ. Lọ́dún 2014 yẹn kan náà, nígbà tí Sony ṣe A7S fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókùnkùn, 12 péré ni wọ́n fi sí i, bẹ́ẹ̀ A7R tiwọn ti ní 36 lọ́dún tó ṣáájú. Ohun tó tún wù mí lára D750 ni pé ó ń rí ojú mú lókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tó nílò láti mú ojú èèyàn kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí D3200 nílò lọ. O mọ bí lẹ́ǹsì ṣe máa ń lọ síwá sẹ́yìn, jìì, jìì, tó ń wá ojú tí kò rí i, tí wọ́n ti gé kéèkì tán!

Wọ́n á sọ fún ọ pé kámẹ́rà tuntun kì í gbọ̀n. Ọwọ́ tìrẹ ni kì í jẹ́ kó gbọ̀n. Ọwọ́ onígángan ńkọ́? Fún ẹni tó ń jó, má jẹ́ kí ṣọ́tà lọ́ra ju 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fọ́tò òru orí fóònù: fọ́tò púpọ̀ ló ń yà tó ń tò léra, ó dára fún ilé àti igi, àmọ́ ẹni tó bá ń jó á ru.

Iná wa gan-an ni kí o fiyè sí. Àwọn tó ń ṣàlàyé kámẹ́rà lókè òkun kò mọ jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour”. Iná mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú á sì máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú wa kì í rí i. Kámẹ́rà ń rí i: bí o bá yà á ní 1/500, fọ́tò kan á mọ́, èkejì á ṣú, ẹ̀kẹta á ní ìlà dúdú lára gèlè. 1/100 ni kí o dúró sí, tàbí 1/50 bí ẹnikẹ́ni kò bá jó. Bó bá wá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí wọ́n so fíríìjì mọ́ ọn lójijì, ìró rẹ̀ á lọ sílẹ̀, bí gílóòbù ṣe ń ṣẹ́jú náà á yí padà. Yà á lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí o mú èyí tó dára. Kámẹ́rà tí kì í dún rárá, tí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí fẹ́ràn fún ìsọ́-òru, ìlà dúdú yìí ló máa ń bá a jà jù. Bí DJ bá tan iná lésà, yí ojú lẹ́ǹsì kúrò kíá. Ó lè jó pátákó inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò san án fún ọ.

Àwọ̀ ara wa náà ńkọ́? Kámẹ́rà kò mọ èèyàn. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń dà pọ̀ fi ṣe ìwọ̀n. Bí ọkọ ìyàwó bá wọ agbádá funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ọkọ ìyàwó á ṣú. Bó bá dúró síwájú òkùnkùn, á fẹ́ sọ òkùnkùn di ọ̀sán, ojú á bó. Ojú èèyàn nìkan ni kí o ní kó wọ̀n. Jẹ́ kí gílóòbù ẹ̀yìn funfun bó ṣe fẹ́. Má sì yà á ní ṣíṣú kí o wá máa fi kọ̀ǹpútà gbé e sókè. Iyanrìn tí mo wí yẹn, ara àwọ̀ dúdú tí a fipá gbé sókè ló ti ń hàn jù.

O ní fíláàṣì ń ba òru jẹ́. Wá fọ́tò Malick Sidibé wò, ará Bàmákò ní Málì. Brownie Flash ni kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó rà, ní 1956, ó sì máa ń ti àríyá kan bọ́ sí òmíràn lóru pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré àti fíláàṣì. Èyí tó yà lálẹ́ Kérésìmesì 1963, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ń jó, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ọmọbìnrin náà kò wọ bàtà. Fíláàṣì ló fi yà á; ta ni yóò wò ó tí kò ní mọ̀ pé òru ni? Ní 2007, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìwọ sáà kọjú fíláàṣì sí òrùlé bó bá funfun. Abẹ́ kánópì búlúù, má dán an wò, ojú gbogbo èèyàn á di búlúù.

Oríta Mòwé ni kí o ti máa kọ́ ọwọ́, lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, tí èrò tó ń lọ jọ́sìn ní Redemption City bá kún ọ̀nà, tí àwọn ìyá oníṣòwò tan iná sórí igbá. Ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí o tọrọ àyè kí o tó yà wọ́n. Bí wọ́n bá sì kéde Orò, kámẹ́rà wọlé nìyẹn.

Bí o bá ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, mú káàdì tìrẹ àti tọ́ọ̀ṣì dání. Tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá. Bí o bá rí ebu nínú dígí, fi í sílẹ̀. De ojú lẹ́ǹsì, ya fọ́tò ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí o fẹ̀ ẹ́ lójú: àmì pupa tàbí funfun tó bá tò síbẹ̀, wàá máa rí i nínú fọ́tò òru rẹ. Béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. 150,000 ni Nikon dán ti D750 wò dé. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn tó ṣókùnkùn jù níbẹ̀, kí o kọjú rẹ̀ sí ẹni tó ń tà á. Bí kò bá rí ojú rẹ̀ mú, má san kọ́bọ̀.

Owó alájẹṣẹ́kù, má yá ju ti lẹ́ǹsì lọ. Owó iṣẹ́ ni kó ra D750. Má sì ra fíláàṣì. SB-600 mi wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ń bá kámẹ́rà méjèèjì ṣiṣẹ́. Mo ti yọ bátìrì rẹ̀ kí omi má baà dà sínú rẹ̀. Wá gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, ọmọ pásítọ̀ wa ti ń wò ó lójú wò ó lẹ́nu.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ