Bọ́tìnnì Tí Kò Sí: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹ̀rín ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oṣù yìí, ṣùgbọ́n a kò ní fi ẹ̀rín nìkan parí rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1994, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi tẹlifóònù ran àwọn tó ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Oníbàárà kan pe ilé-iṣẹ́ Dell pé kọ̀ǹpútà òun kò fi fáàsì ránṣẹ́. Lẹ́yìn ogójì (40) ìṣẹ́jú ni òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé ṣe ni ọkùnrin náà gbé ìwé síwájú ojú kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ bọ́tìnnì pé kó máa lọ!

Ti Compaq tún wá ju èyí lọ. Kọ̀ǹpútà a máa kọ ọ́ pé "Press any key", ìyẹn ni pé kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè láti béèrè ibi tí bọ́tìnnì tó ń jẹ́ "Any" wà.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ta ló jẹ̀bi? Enter ní orúkọ, Shift ní orúkọ, Delete náà ní tirẹ̀. Ẹni tó ń wá "Any" láàárín wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Compaq pàápàá rò ó pé bóyá kí àwọn yí ọ̀rọ̀ náà padà sí "Press Return Key". Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kéwú mọ èyí dájú: bí kíláàsì lódindi bá ṣi ohun kan náà gbọ́, àlàyé olùkọ́ ló yẹ kí a tún ṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì: Ìtìjú léwu. Láti ọdún 2001 tí GSM ti dé, fóònù ti wọ gbogbo ilé ní Apakun wa yìí. Bàbá àgbà tí a bá fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kò ní bi wá mọ́. Àjèjì ni yóò gbé fóònù fún ní Oṣòdì, yóò sì ka nọ́ńbà àṣírí báńkì rẹ̀ sí i létí. Owó ọjà lè bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kì í béèrè nọ́ńbà náà lórí fóònù. Láti ọdún 2023, 300 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe àwọn olùrànlọ́wọ́ ní gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ kọ ọ́ fún àwọn òbí yín.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Ẹ̀rín kò burú. Èyí tó ń pa olùbéèrè lẹ́nu mọ́ ló burú, Sūratu Al-Hujurāt, āyah 11, sì kọ yẹ̀yẹ́ fún wa. Abéèrè kì í ṣìnà, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà kò bá lé e sẹ́yìn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Bí ìyá yín bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù wọn, báwo ni ẹ ó ṣe dá wọn lóhùn?
2. Ọ̀rọ̀ wo ni à ń sọ fún ọmọ kéwú tí kò lè yé e?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ àti sùúrù. Āmīn.