"Níbo Lo Ti Rí Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Níbẹ̀?"

ÌBÉÈRÈ: Láti Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Wọ́n gbé àwòrán àyẹ̀wò Rutherford síwájú mi: àpótí òjé, wúrà pẹlẹbẹ, àti àwọn ìlà olórí ọfà. Púpọ̀ lọ tààrà, díẹ̀ yà, ọ̀kan ṣẹ́rí padà. Mo ní ó fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí nùkílọ́ọ̀sì po. Màmá tó jẹ́ alága bá bi mí pé, "Níbo lo ti rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù níbẹ̀?" Ẹnu mi wọhò. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti tún pè mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lójú wọn?
— Olùkọ́ ọ̀la, Ìwàrà

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ ọ̀la, pẹ̀lẹ́ o. Ìbéèrè màmá yẹn gan-an ni kí o dì mú. Ohun tí ojú rí lọ́tọ̀, ohun tí a fi làákàyè yọ nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí àwòrán náà lè jẹ́rìí sí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀. Alpha ń gba ojú ihò tóóró jáde nínú àpótí òjé. Nùkílọ́ọ̀sì helium ni, iná pọ́sítíìfù ló gbé. Ó ń lọ bá wúrà tí wọ́n lù títí ó fi fẹ́lẹ́. Ojú awo tí wọ́n fi zinc sulphide kùn máa ń tàn fìrí níbi tí alpha bá ti bà á. Inú òkùnkùn ni Geiger àti Marsden, àwọn tó bá Rutherford ṣiṣẹ́, ti ń fi máíkíróskóòpù ka ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan ní Manchester. Bí wọ́n bá ní kí ló dé tó fi jẹ́ wúrà, ìwọ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wà á mọ̀ pé ó ṣeé lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìya.

Lẹ́yìn náà, mú àwọn ìlà náà ní ìkọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ jù lọ là á kọjá tààrà: òfìfo ló pọ̀ jù nínú átọ́ọ̀mù. Díẹ̀ yà: iná pọ́sítíìfù kan wà níbẹ̀ tó ń tì wọ́n. Èyí tó ṣẹ́rí padà kò tó nǹkan; ní 1909, nǹkan bí ọ̀kan nínú 8,000 ló padà nígbà tí wọ́n fi platinum dán an wò. Bí òkúta bá la ewé kòkó kọjá, kò yani lẹ́nu. Bó bá ta padà sí ẹni tó jù ú, a mọ̀ pé ewé kọ́ ló bá pàdé. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè dá alpha padà, torí alpha fi ìlọ́po tó lé ní 7,000 wúwo jù ú lọ. Iná náà àti ìwúwo átọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kórajọ sójú kan tó kéré gan-an. Ohun tí Rutherford kọ jáde ní 1911 nìyẹn, ó sì tako Thomson tó gbà pé iná náà tàn ká inú átọ́ọ̀mù.

Yẹ iṣẹ́ ayàwòrán wò pẹ̀lú. Ìlà tó bá súnmọ́ nùkílọ́ọ̀sì jù ló gbọ́dọ̀ yà jù, kó sì yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n inú àwòrán náà kò lè bá ti gidi mu: bí nùkílọ́ọ̀sì bá fẹ̀ tó mìlímítà kan, átọ́ọ̀mù yóò fẹ̀ ju mítà 10 lọ.

Kí o wá sọ ibi tí ẹ̀rí parí sí. Àwòrán náà kò sọ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn; 1913 ni Bohr dá sí ìyẹn. Kò sọ nǹkan kan nípa neutron, tí Chadwick ṣàwárí ní 1932.

Wọ́n lè bi ọ́ pé, "Bó bá jẹ́ aluminium ńkọ́?" Iná nùkílọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 13, ti wúrà jẹ́ 79, èyí tó máa ṣẹ́rí padà á dín kù. Bí wọ́n bá béèrè ìwúlò àyẹ̀wò yìí lónìí, tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìwádìí agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ń ta helium lu nǹkan. Agbára tó kù lára helium tó ta padà ni wọ́n fi ń mọ èròjà inú nǹkan náà.

Jókòó kí o ya àwòrán náà láìwo ìwé, kí o sì máa ṣàlàyé sókè bí o ti ń yà á. Olùkọ́ ni wọ́n ń wá: bí wàá ṣe mú ọmọ kíláàsì láti orí ohun tó rí dé orí ohun tó yé e ni wọ́n fẹ́ mọ̀. A ó gbọ́ ìròyìn ayọ̀ rẹ o.