ORÚKỌ TÍ GBÈSÈ BÀ JẸ́: Ẹ̀KỌ́ FÚN AYÁWÓ ÀTI FÚN ARÁ ILÉ RẸ̀

Ọ̀ràn tí a mú wá sí iwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè; ẹnu ọ̀nà wa ni ó wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aláṣẹ àjọ FCCPC, èyíinì ni àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí tẹlifóònù ní Òpèbí, ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Onígbòǹgbò yìí. Ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn fi kan irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ kò kéré. Wọn a yá ènìyàn ní owó díẹ̀ láìbéèrè onídùúró. Wọn a bu èlé gọbọi lé e. Bí ọjọ́ bá sì yẹ̀, wọn a ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú tẹlifóònù onígbèsè, àti àna, àti ọ̀gá, àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀, pé olè ni.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ó jọ èyí. Ní ayé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Ológò a jókòó sí ilé rẹ̀, a pariwo, a bú onílé, a sì gba oúnjẹ tí ó bá wù ú, títí ìtìjú yóò fi mú kí àwọn ẹbí wá owó náà san. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni ológò ìgbà náà ń jókòó sí; ológò inú tẹlifóònù lè wọ ọgọ́rùn-ún ilé ní ìṣẹ́jú kan.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 kọ̀ fún oníṣòwò láti fi irọ́ tàbí ẹ̀tàn bá oníbàárà lò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn ₦10,000,000 lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending, nítorí pé ó tú àṣírí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní ọdún 2022, FCCPC pàṣẹ kí àwọn ayánilówó orí tẹlifóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ìlànà mìíràn jáde ní oṣù keje ọdún 2025, tí ó wí pé ìtanràn ẹni tí ó bá rú u lè tó ₦100,000,000, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí ó ń pa wọlé.

Ṣùgbọ́n bí ológò bá ti dìde lọ, gbájú-ẹ̀ a wọlé. Ẹni tí ìtìjú ti bá kì í fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ mọ́, ẹlẹ́tàn sì mọ èyí dájú. Yóò wí fún un pé: “Orúkọ rẹ ti bàjẹ́ nínú ìwé, bánkì kankan kì yóò yá ọ ní owó mọ́. Mo ní ènìyàn níbẹ̀. Mú ₦15,000 wá pẹ̀lú nọ́ńbà BVN rẹ, a ó sì pa orúkọ rẹ rẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.”

Kí ni ìwé tí ó ń sọ yìí? Nígbàtí ènìyàn bá yáwó lọ́wọ́ bánkì tàbí ayánilówó tí òfin mọ̀, ayánilówó náà a fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé tí ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè mọ́: iye tí a yá, iye tí a san, àti bí a ti san án sí. CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin Credit Reporting Act ti ọdún 2017 sì ń darí wọn. Ẹ kíyèsí i pé àwọn ilé wọ̀nyí kì í dá ìròyìn sílẹ̀ fúnra wọn. Ohun tí ayánilówó bá kọ ránṣẹ́ ni wọ́n ń pa mọ́. Nítorínà, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ lè fi rìbá yọ orúkọ kan lónìí, ìròyìn ayánilówó yóò tún gbé e padà wá ní ọ̀la.

Ọ̀nà méjì péré ni ó wà. Kí a sọ pé obìnrin kan tí ń ta aṣọ yá ₦20,000, ó sì san án tán, ṣùgbọ́n ìwé ṣì ń wí pé ó jẹ gbèsè. Àṣìṣe ni èyí. Kí ó mú ẹ̀rí owó tí ó san, kí ó kọ̀wé sí ayánilówó àti sí ilé àkọsílẹ̀, kí wọ́n lè tún un ṣe. A kì í sanwó fún gbájú-ẹ̀ kí a tó tún àṣìṣe ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kò tí ì san án ní tòótọ́, kí ó lọ bá ayánilówó náà dá àdéhùn, kí ó san án díẹ̀díẹ̀, kí ó sì gba ìwé pé gbèsè ti tán. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ẹni tí ó bá sì ń ta ọ̀nà kẹta, irọ́ ni ó ń tà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀wé ni ó ń fa ìṣubú yìí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òwò ìtún-orúkọ-ṣe ti gbilẹ̀, ìjọba ṣe òfin ní ọdún 1996 pé irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó kí ó tó parí iṣẹ́ tí ó ṣèlérí, àti pé oníbàárà ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn rẹ̀ padà. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ dá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń lo orúkọ Lexington Law àti CreditRepair.com lẹ́bi nípa owó àgbàsílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìjọba sì kéde pé òun yóò pín bílíọ̀nù 1.8 dọ́là padà fún mílíọ̀nù 4.3 ènìyàn. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorínà, ẹ jẹ́ kí a di nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí mú:

Èkíní, kí a tó yáwó, kí a wò bóyá orúkọ ayánilówó náà wà nínú ìwé tí FCCPC ń tẹ̀ jáde.

Èkejì, kí a béèrè àkọsílẹ̀ gbèsè wa lẹ́ẹ̀kan ní ọdún, nítorí ọ̀fẹ́ ni ti ẹ̀ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí tí bánkì fi ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù wa fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá fi ìtìjú halẹ̀ mọ́ wa, kí a pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí a sì fi sun FCCPC.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí kò jẹ gbèsè. Bí iṣẹ́ bá dé sórí tẹlifóònù yín pé aládùúgbò yín jẹ́ olè, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ pe ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀. Ìtìjú ni agbára ológò, ìtìjú kan náà ni oúnjẹ gbájú-ẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá ti lè sọ gbèsè rẹ̀ láìbẹ̀rù ni àwọn méjèèjì kì í ti í ríṣẹ́ ṣe.

Àwọn olùkọ́ lè fi ìbéèrè wọ̀nyí dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wò: (1) Ta ni ń kọ ìròyìn gbèsè ránṣẹ́? (2) Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àṣìṣe inú ìwé àti gbèsè tòótọ́, báwo ni a sì ti ń yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan? (3) Èéṣe tí kò fi sí ẹni tí ó lè ta orúkọ rere fún wa?