Àpótí Ìmọ̀: Kí A Tó Ra Háádì Díráìfù fún NAS

NAS ni àpótí ìpamọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé tàbí ọ́fíìsì ń tọ́jú fáìlì sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, títóbi nìkan kọ́ la fi ń yan díráìfù rẹ̀.

• Àyè: Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe díráìfù ka TB 1 sí báìtì tírílíọ̀nù 1, ṣùgbọ́n 1,024 ni Windows fi ń ṣírò ní ìpele kọ̀ọ̀kan dípò 1,000. Ìdí nìyí tí TB 16 fi ń hàn bíi 14.55 níbẹ̀.

• Ọ̀nà ìkọ̀wé: Nínú CMR, ìlà kọ̀ọ̀kan tí díráìfù ń kọ dátà sí dá dúró. Nínú SMR, wọ́n gun ara wọn bíi páànù òrùlé. Bí a bá tún ọ̀kan kọ, a ní láti tún àwọn tó tẹ̀ lé e kọ pẹ̀lú. Èyí máa ń fa ìfàsẹ́yìn, pàápàá nínú RAID, ìyẹn ìlànà tó ń so díráìfù púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. CMR ló yẹ NAS.

• Ìyára: Bí díráìfù TB 16 bá ń kọ MB 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò tó wákàtí 22 kó tó kún. Bí ọ̀kan bá kú nínú RAID, àtúntò dátà sórí èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò ní yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

• Ìlera: Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yẹ SMART, àkọsílẹ̀ tí díráìfù ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀, wò: wákàtí mélòó ló ti ṣiṣẹ́? Ṣé ojú ibì kankan ti bàjẹ́?

Ẹ rántí: RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ ti lọ lórí gbogbo díráìfù. Ẹ fi ẹ̀dà mìíràn síbòmíràn.